Orúkọ Tí Olóyè Oyèbọ̀dé Kò Rà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde dúró ná. Orúkọ Olóyè Oyèbọ̀dé ni a fẹ́ pè, wọn kì í sì í jókòó gbọ́ ọ.

Olóyè Àgbà, Dókítà, Ẹnjiníà Oyèbọ̀dé, Ìmọ́lẹ̀ Agbègbè, Òpó Ọ̀làjú, Alága Àjọ Ìgbéga Ọjà Agbègbè, ní Ẹ̀jìgbò. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn yín, ẹ fara dà á. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ náà fara dà á fún odindi ọdún mẹ́fà. Oyè Dókítà yẹn, inú àpò lẹ́tà ló bá wá, láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí a kò tíì rí ẹni tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ti Ẹnjiníà rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olóyè dúró létí kànga kan ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí i. Wọ́n gbẹ́ ẹ sí i. Omi jáde.

Láràárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ mọ́kànlá a tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì, wọn a sì máa kí Olóyè lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gbogbo oyè rẹ̀, lẹ́sẹẹsẹ. Bí ẹnì kan bá fo ẹyọ kan, gbogbo ìlà yóò padà síbẹ̀rẹ̀. Ádámù awakọ̀ ló sábà máa ń gbàgbé Òpó Ọ̀làjú. Nítorí náà, aago mẹ́wàá a ti lù kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan fáìlì.

Leah ni tayípíìsì wọn. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í fo oyè kankan. Ọkọ rẹ̀, Àyàndá, ni akọ̀wé àjọ náà títí di oṣù kejì ọdún 1999, nígbà tí àìsàn ọjọ́ mẹ́sàn-án mú un lọ. Lọ́jọ́ tí Leah padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú aṣọ dúdú lára, Olóyè pè é wọ yàrá rẹ̀ láti bá a kẹ́dùn.

"Ìyàwó Àyàndá," ni Olóyè wí, ó fajú ro, "ikú dóró. Ọkọ rẹ ṣiṣẹ́. Àmọ́ ká sọ òdodo, kò gba ìwé ìsinmi kó tó lọ."

"Ẹ ṣeun, sà," ni Leah wí. Ó padà sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀. Títí di ọ̀sán, kò lè tẹ gbólóhùn kan kó gún.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn, Àyàndá lọ kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà fún ọ̀sẹ̀ méjì ní Ìbàdàn, ó sì bọ̀ bí ẹni tó rí ìlú tuntun. Lórí tábìlì ìjẹun ilé wọn ló ti kọ ìwé kan sí Olóyè. Òun ń sọ ọ́, Leah ń tẹ̀ ẹ́, tíì wọn sì tutù sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láìmu. Ìwé náà kò gùn. Ó ní ènìyàn lè ra orúkọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bí ìgbà tí ènìyàn ra ilẹ̀, àti pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè ni orúkọ kan ní gbogbo ayé. Ó ní wọn kì í béèrè ọmọ ta ni ọ́ níbẹ̀; ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń fún. Bí oníṣòwò bá kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, orúkọ náà kò ní ṣípò, ibẹ̀ náà ni oníbàárà yóò ti máa bá a. Lẹ́tà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i yóò wọlé tààrà, kò ní kọ́kọ́ gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun, ẹni tó bá sì gbàgbé, ẹlòmíràn yóò mú un lọ.

Ní ìparí, Àyàndá dábàá pé kí àjọ ra orúkọ "masifadara" fún àwọn obìnrin tó ń yan gàárì ní Masifa. Masifa Dára ni òǹtẹ̀ búlúù tó wà lára àpò gàárì wọn. Ọkọ̀ ń kó o dé Abidjan, àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò tó wà níbẹ̀ kì í sì í béèrè òmíràn. "Kí á rà á fún wọn," ni Àyàndá kọ, "kí ẹlòmíràn tó rà á mọ́ wọn lọ́wọ́."

Olóyè ka ìwé náà dé ìlà kẹrin. Ó mú bíírò pupa, ó kọ èsì sí i lórí: "Ìranù. Baba mi sọ mí lórúkọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ni í ra orúkọ? Ẹ gbé ìwé yìí síbi tí ojú mi kò ti ní rí i mọ́." Lẹ́yìn náà ó lu òǹtẹ̀ rẹ̀. Méjì ni òǹtẹ̀ Olóyè, nítorí àwọn oyè náà kò gba orí ẹyọ kan. Ọ̀kan jẹ́ ìdajì òkè, ọ̀kan jẹ́ ìdajì ìsàlẹ̀. Ó lù ú, ó tún lù ú. Leah gbé ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, lábẹ́ bébà kábọ̀ǹ. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí wọ́n gbé Àyàndá sin.

Ní oṣù kẹjọ, kọmíṣọ́nnà pe gbogbo alága àjọ sí ìpàdé ní Òṣogbo. Ó ní ayé ti ń lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àti pé alága tó bá kọ́kọ́ ní orúkọ fún ọjà agbègbè rẹ̀ níbẹ̀ ni òun yóò mú dání lọ sí Àbújá. Kí ọkọ̀ Olóyè tó padà dé Ẹdẹ, Olóyè ti di baba íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ó kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ síwájú ọ́fíìsì. "Ẹ̀yin ènìyàn mi!" ni ó ké. "Íńtánẹ́ẹ̀tì ń bọ̀! Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń retí rẹ̀! Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, mo wo ojú ọ̀run, mo sọ fún ìyá mi pé nǹkan kan ń bọ̀. Ìyá mi ní òjò ni. Mo ní, ìyá mi, kì í ṣe òjò!"

"Kì í ṣe òjò!" ni àwọn òṣìṣẹ́ dáhùn.

Ó yan kọmítì ẹlẹ́ni mẹ́tàdínlógún láti wá orúkọ. Kọmítì jókòó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín púpọ̀, wọ́n sì fẹnu kò pé orúkọ tó yẹ ọjà agbègbè kò lè ju orúkọ Olóyè fúnra rẹ̀, tòun ti gbogbo oyè. Wọ́n pe Olújídé láti Òṣogbo, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dáadáa, kó wá bá wọn rà á.

Olújídé wo bébà tí wọ́n kọ orúkọ náà sí, ó ń fi ìka ka lẹ́tà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà.

"Ẹ má bínú, sà. Lẹ́tà méjìlélógún péré ni wọ́n ń gbà."

"Wọ́n?" ni Olóyè wí. "Àwọn wo?"

"Àwọn tó ń tà á, sà. Ní Amẹ́ríkà."

"Sọ fún wọn pé èmi ni."

"Ẹ̀rọ ni, sà, kò mọ ènìyàn. Olóyè Àgbà Dókítà Ẹnjiníà, ibẹ̀ ló ti pé méjìlélógún géérégé. Kò ku àyè fún Oyèbọ̀dé." Olújídé fi bébà náà lélẹ̀. "Àfi tí ẹ bá fẹ́ yọ oyè díẹ̀, sà, kí orúkọ yín lè ráyè wọlé."

Ẹnì kan nínú kọmítì, Gàníyù, tó ti ń gbé mọ́ínmọ́ín sẹ́nu, dá a padà sínú ewé.

"Yọ oyè," ni Olóyè wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí dókítà gidi ní kó jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀. "Yọ oyè. Fún ẹ̀rọ."

Kò yọ ọ́. Ọjọ́ kejì ló wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní òun lá àlá, wọ́n sì fi orúkọ han òun lójú àlá. Masifadara. Ẹ̀yin òǹkàwé mọ̀ pé àpò gàárì tó wà nílé ìdáná rẹ̀ ni wọ́n fi hàn án. Ó ní kí Leah tẹ fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó ni orúkọ náà, ó ní kó tẹ orúkọ òun sí i. Kì í ṣe àjọ o. Òun.

Ọwọ́ Leah dúró lórí ẹ̀rọ. "Àwọn obìnrin Masifa ńkọ́, sà? Àwọn ló ń jẹ́ orúkọ yẹn."

"Wọn yóò máa yan gàárì lọ. Ta ló ní kí wọ́n má yan án? Ẹni tó bá fẹ́ rà á láti Abidjan tàbí Lọ́ńdọ̀nù, ilẹ̀kùn tèmi ni yóò kọ́kọ́ kàn. Èmi ni yóò sì sọ ẹni tí yóò tà fún un. Ìtọ́jú nìyẹn, ìyàwó Àyàndá."

Olújídé ní bí wọ́n bá fún òun ní fọ́ọ̀mù náà lónìí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, orúkọ náà ti di tiwọn.

"Lónìí?" Olóyè rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. "Ọmọ yìí, ṣé a kò bí ọ sílé ire ni? Àná ni kọ̀ǹpútà wa dé. Ọjọ́ kẹjọ la ń sọ ọmọ lórúkọ ní ilẹ̀ yìí. Kọmíṣọ́nnà yóò wà níbẹ̀. A ó gbàdúrà, a ó fi oyin àti iyọ̀ tọ́ ọ lẹ́nu, lẹ́yìn náà la ó wá rà á."

"Sà, kí ẹ jọ̀ọ́ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ orúkọ náà kó tó dìgbà yẹn."

"Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ? Ta ni í ṣe ìsọmọlórúkọ níkọ̀kọ̀?"

Láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni rédíò ti ń kéde rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́: Olóyè Àgbà báyìí báyìí ń pe tolórí tẹlẹ́mù sí ìsọlórúkọ ọjà agbègbè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, orúkọ náà yóò sì máa jẹ́ masifadara. Olóyè pàṣẹ pé kí wọ́n máa pè é ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í kọ.

Lọ́jọ́ kẹta, Leah ní ara òun kò yá. Ó mú ìwé Àyàndá kúrò lábẹ́ bébà kábọ̀ǹ, ó gun ọ̀kadà lọ sí Masifa.

Àwọn obìnrin wà nídìí agbada, èéfín bò wọ́n. Mùínàt ni olórí wọn, obìnrin tó lo ogún ọdún ní Abidjan kó tó kó ẹrù wálé. Ọmọ́wùnmí ni àkọ́bí rẹ̀.

"Ìyá Ọmọ́wùnmí, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Òò, ìyàwó Àyàndá! Kí ló gbé ọ wọnú èéfín lónìí? Olóyè yín ti tún gba oyè ni, ó ní kí o wá kọ́ wa ní bí a ó ṣe máa pè é?"

"Bó bá tún gba ọ̀kan," ni Sìdíkàt, tó ń ku gàárì, wí, "agbada gàárì méjì yóò ti jinná kí á tó kí i tán."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Leah kò lè rín in. Ó tú ìwé náà, ó kà á fún wọn, láti ìlà àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, títí kan ti bíírò pupa. Nígbà tó parí, Sìdíkàt gbé ajọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

"Àyàndá ló kọ èyí?" ni Mùínàt béèrè.

"Òun ni, mà. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tó kú."

"Ó sì dárúkọ wa síbẹ̀."

"Ó dárúkọ yín, mà."

Mùínàt fi ìṣẹ́tí ìró nu ọwọ́. "Ní Abidjan, mo ní àpótí lẹ́tà kan nílé ìfìwéránṣẹ́, tòun ti nọ́ńbà rẹ̀. Ilé mẹ́rin ni mo kó kiri nígboro yẹn. Lẹ́tà ìyá mi kò sọnù lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń gbé ilé mi àtijọ́ kò lè ṣí i, onílé kò lè ṣí i. Ṣé irú rẹ̀ nìyẹn?"

"Irú rẹ̀ ni, mà. Àmọ́ tèyí, gbogbo ayé ló ń rí i. Ní ọjọ́ márùn-ún sí i, Olóyè yóò gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀."

"Voilà, ó yé mi," ni Mùínàt wí. Ó ti ń wá sálúbàtà rẹ̀. "Kí la tún ń dúró wò? Mùíbì àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Abidjan, tó jẹ́ pé iwájú kọ̀ǹpútà ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dé alẹ́. Jẹ́ ká pè é kó ṣiṣẹ́ kan tó nítumọ̀."

Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà Fàsílátù ní Ẹ̀jìgbò ni wọ́n ti pe Mùíbì. Tẹlifóònù náà ń hó bí epo gbígbóná.

"Ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan. Mú bíírò. Orúkọ kan wà tí mo fẹ́ kí o rà fún ẹgbẹ́ wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́?"

Mùínàt wo Leah, Leah wo Mùínàt. Ìgbà yẹn gan-an ni rédíò Fàsílátù tún bẹ̀rẹ̀: Olóyè Àgbà, Dókítà, Ẹnjiníà... Mùínàt gbọ́wọ́ sókè kí gbogbo ilé dákẹ́, ó sì na ẹnu tẹlifóònù sí rédíò. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, ketekete, títí dé ìparí. Ẹ jẹ́ kó wà lákọọ́lẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé, pé Olóyè Oyèbọ̀dé fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ kí wọ́n pe ohun tí Mùíbì kọ sílẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ dáadáa," ni Mùíbì wí. "Ẹni yẹn mà mọ̀rọ̀ọ́ pè o."

Leah gba tẹlifóònù náà. Ó ní tí Mùíbì bá lè ṣe ojú ìwé kékeré kan sí i, kó jọ̀ọ́ fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀. Ó sọ ìlà náà. Mùíbì ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ó dá tẹlifóònù padà fún Mùínàt, ó sì jáde síta lọ dúró.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Gbọ̀ngàn àjọ kún fọ́fọ́. Wọ́n ti fa okùn tẹlifóònù gba ojú fèrèsé wọlé, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì tí wọ́n fi aṣọ òfì bò. Àlùfáà gbàdúrà, pásítọ̀ gbàdúrà, àwọn méjèèjì sì fi ọgbọ́n bẹ Ọlọ́run pé kí iná má lọ. Olóyè ti ìka bọ oyin, ó fi pa ẹnu kọ̀ǹpútà, níbi tí wọ́n ti ń ki dísìkì bọ̀ ọ́. Ó wọ́n iyọ̀ sí i. Olújídé di ojú.

Olóyè ti sọ fún Ádámù pé ohunkóhun tí òun bá sọ, kó ṣáájú àtẹ́wọ́, kó má sì dáwọ́ dúró láìgba àṣẹ. Olóyè wá mú gbohùngbohùn. Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Kọmíṣọ́nnà wo aago lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Nígbẹ̀yìn, Olóyè ní kí Olújídé fi orúkọ náà hàn.

Bí Olújídé ṣe tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í pe tẹlifóònù, ó fi igbe ta.

"Ó ké!" ni Olóyè pariwo. "Ẹ gbọ́! Ọmọ wa ké!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rọ dákẹ́, nǹkan kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú rẹ̀, láti òkè wá sísàlẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan. Ojú Olújídé yí padà. "Sà," ni ó sọ jẹ́jẹ́, "a kò tíì rà á. Kò yẹ kí nǹkan kan wà níbẹ̀."

Olóyè tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Èmi ni yóò kà á!"

Ó kà á sínú gbohùngbohùn. "Masifa Dára!" Àtẹ́wọ́. "Gàárì tó funfun, tí kò níyanrìn!" Àtẹ́wọ́. "Ẹni tó ni orúkọ yìí ni..."

Ìlà tó kàn falẹ̀. Olóyè tún fìlà ṣe. Ó fọwọ́ lé àyà, ó rẹ́rìn-ín sí kọmíṣọ́nnà. Gbogbo gbọ̀ngàn na ọrùn. Ìlà jáde. Ẹnu rẹ̀ ti ń sáré bọ̀ láti ìlà àkọ́kọ́, kò sì rí i dá dúró.

"...Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Tó Ń Yan Gàárì, Masifa."

Ádámù pàtẹ́wọ́. Àwọn obìnrin Masifa tó wà lẹ́yìn pàtẹ́wọ́, wọ́n sì hó yèè. Kọmíṣọ́nnà ló fúnra rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó ka ìlà tó kù nísàlẹ̀: "Àyàndá ló kọ́kọ́ rí i."

Ádámù, tí kò tíì gba àṣẹ láti dáwọ́ dúró, ń pàtẹ́wọ́ lọ.

"Ọlọ́pàá!" ni Olóyè ké. "Ẹ mú un!"

Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà sáré wọlé. "Ta ni, sà?"

"Orúkọ yẹn!"

"Ibo ló wà, sà?"

"Gbogbo ayé ló wà!"

Ọlọ́pàá rò ó díẹ̀. "Epo ọkọ̀ wa kò lè dé ibẹ̀, sà."

Kọmíṣọ́nnà kò rẹ́rìn-ín. "Ta ni Àyàndá?" ni ó béèrè.

"Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà," ni Olóyè wí. "Olè ni wọ́n. Èmi ni mo ronú kan orúkọ yìí, láti ọmọ ọdún méje."

Leah dìde láti ìlà kẹta nínú aṣọ dúdú rẹ̀. Ó rìn lọ síwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún kọmíṣọ́nnà ní ìwé náà. Kọmíṣọ́nnà kà á sínú. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó dé ibi bíírò pupa, ó kà á sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́: ìranù, baba mi sọ mí lórúkọ lọ́fẹ̀ẹ́, ta ni í ra orúkọ.

"Ṣé ọwọ́ yín nìyí?"

Bó bá jẹ́ pé orúkọ lásán ló wà níbẹ̀, Olóyè ì bá sẹ́. Àwọn Oyèbọ̀dé pọ̀ nílẹ̀ yìí. Àmọ́ òǹtẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀, ìdajì òkè àti ìdajì ìsàlẹ̀, gbogbo oyè pé, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń jẹ́ gbogbo ìyẹn pọ̀ lábẹ́ ọ̀run.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lẹ́tà kan dé ọ́fíìsì. Gbólóhùn kan péré ló wà nínú rẹ̀, pé kì í ṣe alága mọ́, orí àpòòwé rẹ̀ sì sọ ìyókù: Ọ̀gbẹ́ni Oyèbọ̀dé. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé pátákó orúkọ rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn obìnrin Masifa tọrọ rẹ̀, wọ́n fi ṣe òrùlé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Òjò kò wọlé níbẹ̀ mọ́.

Leah kúrò ní àjọ náà. Ó wà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà Fàsílátù báyìí, níbi tí ẹgbẹ́ náà gbé kọ̀ǹpútà kan sí, ó ń gba lẹ́tà tó ń wọlé sí masifadara láti Abidjan àti ibòmíràn. Bí ará ìlú kan bá ní ọmọ lẹ́yìn odi, wọ́n lè fún un ní àyè kékeré tirẹ̀ lábẹ́ orúkọ náà, tí lẹ́tà ọmọ náà yóò máa wọlé sí. Lára ògiri, ó fi bíírò yí ọjọ́ kan ká nínú kàléńdà, ọjọ́ tí wọn yóò sọ orúkọ náà dọ̀tun lọ́dún tó ń bọ̀. Kì í ṣe pé ó lè gbàgbé. Ìwé Àyàndá wà nínú dúrọ́ọ̀ tuntun, kò sí bébà kankan tó bò ó mọ́lẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, ọkùnrin kan wá tò sórí ìlà, lẹ́yìn Mùínàt àti ẹni méjì mìíràn. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní òun kò kọ lẹ́tà orí bébà mọ́. Ó dúró fún ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tó kàn án, Leah gbójú sókè.

"Ẹ káàsán, sà. Orúkọ yín?"

Ọkùnrin náà na ọrùn, ó fa èémí gígùn, ó la ẹnu. Mùínàt, tó ti gba lẹ́tà tirẹ̀ tí kò sì tíì lọ, yíjú wò ó. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà ń wò ó.

Ó tú èémí náà jáde.

"Oyèbọ̀dé," ni ó wí.

Leah tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà méje ni. Ó wọlé, àyè sì ṣẹ́ kù.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ṣeun. Ẹ lè jókòó.